Iṣẹ́ olùròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò: ohun tó jẹ́, ibi tó ti wá, àti ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé rèé. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, láti Jakande títí dé Ajah. Awakọ̀ dánfó ò lè máa wo fóònù, ọkọ̀ tó ń wà ló wà níwájú ẹ̀. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì ní Sangotedo ò lè fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí ilé ìwo-bọ́ọ̀lù. Ìyá tó ń dín àkàrà ní Badore, ojú ẹ̀ ò kúrò lára epo gbígbóná. Síbẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti wọlé, wọ́n mọ ẹni tó gbá a, wọ́n sì mọ ẹsẹ̀ tó fi gbá a. Rédíò ló sọ fún wọn.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò yẹn ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí. Kọ́mẹ́ntétọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń pè é. Níbí, olùròyìn bọ́ọ̀lù la ó máa pè é. Báwo ni èèyàn ṣe ń di olùròyìn bọ́ọ̀lù? Ṣé owó wà níbẹ̀? Ṣé èèyàn lè fi Yorùbá ṣe é kó dùn? Ẹ jẹ́ ká mú un lẹ́sẹẹsẹ.

Kí ni iṣẹ́ yìí gan-an?

Èèyàn mẹ́ta la máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Èkíní ni oníròyìn eré ìdárayá, tó ń ka ìròyìn lẹ́yìn tí eré bá ti parí. Èkejì ni atúpalẹ̀, tó ń ṣàlàyé ìdí tí ẹgbẹ́ kan fi borí èkejì. Agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tàbí kóòṣì ló sábà máa ń ṣe é. Ẹ̀kẹta ni olùròyìn bọ́ọ̀lù, tó ń sọ eré bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, láìdúró kó rí bó ṣe máa parí.

Ti orí tẹlifíṣọ̀n lè dákẹ́ díẹ̀, àwòrán á máa bá a sọ̀rọ̀. Bí ti rédíò bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, olùgbọ́ á rò pé iná ti lọ ni. Ohun mẹ́rin ni kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu ẹ̀: ibi tí bọ́ọ̀lù wà lórí pápá, ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, iye ayò tó wà nílẹ̀, àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ti gbá.

Méjì tó kẹ́yìn yìí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé. Red Barber, tó ròyìn eré baseball fún ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers ní Amẹ́ríkà láti 1939 sí 1953, wá nǹkan ṣe sí i. Ó máa ń gbé agogo oníyanrìn oníṣẹ́jú mẹ́ta kalẹ̀ síwájú ara ẹ̀. Tí yanrìn bá ti ṣàn tán, á dojú agogo náà kọlẹ̀, á sì tún sọ ibi tí eré dé. Ó mọ̀ pé ní gbogbo ìgbà ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan rédíò ẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wá

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 1921, Harold Arlin jókòó sí etí pápá ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ó ròyìn eré baseball láàárín Pirates àti Phillies lórí rédíò KDKA. Ìyẹn ni wọ́n kà sí ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ròyìn ìdíje baseball àwọn ọ̀jẹ̀ lórí rédíò.

Ní ti bọ́ọ̀lù tiwa yìí, ọjọ́ 22 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1927 ni BBC kọ́kọ́ ròyìn ẹ̀ láti orí pápá, nígbà tí Arsenal àti Sheffield United ta ọ̀mì, 1-1, ní Highbury ní Lọ́ńdọ̀nù. Teddy Wakelam ló ròyìn. Kó lè yé àwọn tó wà nílé, ìwé ìròyìn Radio Times ti ya àwòrán pápá sójú ewé, ó pín in sí ojúlé mẹ́jọ, ó sì fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí Wakelam ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń pe nọ́ńbà ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Lónìí, kò sí ìwé aláwòrán lọ́wọ́ olùgbọ́ wa. Olùròyìn gbọ́dọ̀ fi ẹnu ya pápá náà fúnra ẹ̀: apá òsì, apá ọ̀tún, àárín gbùngbùn, iwájú ilé.

Ní Èkó, ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ rédíò aláwáyà, àpótí kékeré tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Àwọn bàbá wa sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí á sọ tiẹ̀ tán, kò ní dúró gbọ́ èsì. Ọdún 1957 ni Nigerian Broadcasting Corporation bẹ̀rẹ̀, ọdún 1978 ló sì di FRCN, ìyẹn Radio Nigeria. Orí Radio Nigeria ni olùròyìn bọ́ọ̀lù ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórílẹ̀-èdè wa, tí orúkọ àwọn bíi Ìṣọ̀lá Fọlọ́runṣọ́ àti Ernest Okonkwo fi di ohun tí ọmọdé mọ̀.

Ernest Okonkwo: ẹni tó ń sọ agbábọ́ọ̀lù lórúkọ

Bí ẹ bá bi ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún pé ta ni olùròyìn bọ́ọ̀lù tó mọ iṣẹ́ jù, ó ṣeé ṣe kí Ernest Okonkwo ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Láwọn ọdún 1970 sí 1989, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ò tíì wọ ọ̀pọ̀ ilé, ohùn ẹ̀ lórí Radio Nigeria ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo bọ́ọ̀lù.

Ìgbà yẹn ni Nàìjíríà gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980 ni, ní pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè tó wà ní Sùúrùlérè. A na Algeria ní ayò 3 sí òdo. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Mudashiru Lawal gbá ẹ̀kẹta. Pápá náà kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n bó ti wù kó kún tó, díẹ̀ ni àwọn tó wà níbẹ̀ lára àwọn tó ń tẹ́tí sí rédíò káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ohun tó mú Okonkwo yàtọ̀ ni orúkọ. Òun ló sọ Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical", òun ló sì sọ Christian Chukwu ní "Chairman". Chukwu ni balógun ẹgbẹ́ tó gbé ife 1980 yẹn sókè. Títí tó fi kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Chairman ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá mọ oríkì á rí i pé iṣẹ́ kan náà ni. Akéwì kì í kàn pe orúkọ ọba lásán. Á so ìwà àti ìṣe ẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹni tí kò tíì rí i rí lè mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ẹni tí kò dé Sùúrùlérè rí, tó bá gbọ́ "Mathematical", ó ti mọ̀ pé ọ̀gbẹ́ni yìí kì í gbá bọ́ọ̀lù láìronú.

Okonkwo kú ní ọdún 1990. Àwọn orúkọ tó sọ wọ́n ò bá a kú.

Bí Yorùbá bá dé ẹnu máíkì

Gẹ̀ẹ́sì ni Okonkwo fi ń ròyìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣe é, iṣẹ́ tiẹ̀ lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohùn ni èdè wa fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀.

Ẹ wo èyí. "Ó gbá bọ́ọ̀lù" túmọ̀ sí pé ó fi ẹsẹ̀ ta á. "Ó gba bọ́ọ̀lù" túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀lù ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ tàbí sẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ohùn lásán ló yà wọ́n. Èyí tó tún le jù ni ti góòlù fúnra ẹ̀. "Ó wọlé" túmọ̀ sí pé ayò ti wà. "Ò wọlé", tí í ṣe "kò wọlé" tí a gé kúrú lẹ́nu, túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀yin ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ wò. Bí èèyàn bá ti pariwo, ohùn gbogbo á gòkè, ohùn ìsàlẹ̀ á sì sọnù. Ìgbà tí olùròyìn sì máa ń pariwo jù ni ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́nu ilé.

Nítorí náà, ẹni tó mọṣẹ́ kì í gé ọ̀rọ̀ kúrú níbẹ̀. Á sọ ọ́ tán pátápátá: "Kò wọlé o! Aṣọ́lé ti mú un!" Kì í sì í fi gbogbo ohùn ẹ̀ pariwo láti ìṣẹ́jú kìn-ín-ní. Á fi òkè ohùn pa mọ́ de góòlù, kí olùgbọ́ lè ti inú ohùn ẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ gan-an.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí a máa lò, Yorùbá ò ṣaláìní. Láti inú eré ayò ọlọ́pọ́n la ti mú púpọ̀ nínú wọn. Ayò la ń pe iye tí wọ́n gbá wọlé. Bí ẹnikẹ́ni ò bá borí, ọ̀mì ni wọ́n ta, bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́ nídìí ọpọ́n. Ẹni tó mọ eré gan-an, ọ̀ta ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, òpè ni. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé la ń pè ní atamátàsé, bí ọdẹ tí ìbọn ẹ̀ kì í tàsé. Ṣùgbọ́n kọ́nà, pẹ́náritì àti rẹfirí ti di Yorùbá lẹ́nu gbogbo èèyàn. Kò sí ìdí tí olùròyìn fi máa fi ọ̀rọ̀ gígùn dípò wọn, tí olùgbọ́ á fi máa ronú ìtumọ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ti lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ní ilé ìwo-bọ́ọ̀lù ní Langbasa ni kó lò.

Òótọ́ ni gbogbo ohun ìní olùròyìn

Ronald Reagan, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1981, ti ṣe olùròyìn eré rí lórí rédíò WHO ní ìlú Des Moines láwọn ọdún 1930. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sí lórí pápá. Ìròyìn eré á máa gba orí wáyà tẹlígíráàfù wọlé díẹ̀díẹ̀, òun á sì máa sọ ọ́ bíi pé ó wà níbẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn pé wáyà já lọ́jọ́ kan nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Kò fẹ́ kí olùgbọ́ yí rédíò sí ibòmíràn, ló bá ń dá a sọ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú pé ẹni tó di igi mú ń gbá bọ́ọ̀lù síta, ó tún gbá a síta, ó tún gbá a síta, títí wáyà fi padà.

Ìtàn yẹn ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú ẹ̀. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ìròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò kì í wá láti orí pápá. Tẹlifíṣọ̀n ni olùròyìn ń wò nínú sítúdíò. Kò burú, ó dín ìnáwó kù. Ohun tó burú ni kó máa ṣe bíi pé ó wà níbẹ̀. Bí àwòrán bá dákú, kó sọ fún olùgbọ́ pé àwòrán ti dákú, kó sì sọ ibi tí eré dé kẹ́yìn.

Lóde òní, ọ̀rọ̀ náà ti kan àpò. Ọ̀pọ̀ tó ń tẹ́tí sí wa ló ti ta tẹ́tẹ́ lórí eré náà. Olùròyìn tó bá kéde góòlù kí rẹfirí tó fọwọ́ sí i, àfàìmọ̀ kó má dá ìjà sílẹ̀ níbi tí kò mọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi bójú mu kí olùròyìn fúnra ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí eré tó fẹ́ ròyìn.

Ohun tó le jù ni ìgbà tí eré bá di àjálù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, Nàìjíríà ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù ní Sùúrùlérè, kí á lè lọ sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1990. Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá nígbà tí eré ku díẹ̀ kó parí, ó sì kú. Ọmọ ọdún 25 ni. Kí ni olùròyìn máa sọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, nígbà tó ṣeé ṣe kí ìyá ẹni tó ṣubú máa gbọ́ rédíò? Òfin kan ló wà: sọ ohun tí ojú rẹ rí, má sọ ohun tí ọkàn rẹ rò. "Ó ti ṣubú, àwọn oníṣègùn ti sáré wọlé, wọ́n ti gbé e kúrò." Kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Olùròyìn kì í ṣe dókítà, òun kọ́ ló máa kéde ikú.

Òfin kan náà ló kan ìrètí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún kan náà, ní ìlú Dammam ní Saudi Arabia, ayò 4 sí òdo ni Soviet Union fi ń na àwọn ọ̀dọ́ wa. Nàìjíríà dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, ó sì borí nígbà tí wọ́n gbá pẹ́náritì. Olùròyìn tó bá ti sin eré kí rẹfirí tó fun fèrè ìkẹyìn, á tún hú u jáde lójú gbogbo ayé.

Bí èèyàn ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láti Lekki àti Ajah

1. Lọ sí etí pápá. Má dúró de pápá ńlá. Ìdíje ilé ẹ̀kọ́ àti ti àdúgbò wà káàkiri Etí-Ọ̀sà àti Ìbẹ̀jú-Lekki. Fi fóònù gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin eré, lẹ́yìn náà kó o fún ẹni tí kò wo eré náà gbọ́. Bí kò bá lè sọ bí góòlù ṣe wọlé, iṣẹ́ ṣì wà.

2. Mọ orúkọ. Gba ìwé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù àti nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Lọ bá ọmọ Ìgbò kó pe orúkọ Ìgbò fún ọ, lọ bá Hausa kó pe ti Hausa. Ẹni tí a bá ṣi orúkọ ẹ̀ pè, a ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

3. Kọ́ òfin eré. Ọfusáìdì àti ọwọ́ kíkàn máa ń yí padà látìgbà dégbà. Olùgbọ́ á mọ̀ bí o kò bá mọ̀ ọ́n.

4. Kọ́ iṣẹ́ rédíò. Ilé ẹ̀kọ́ FRCN wà ní Ṣógúnlé, Nigerian Institute of Journalism wà ní Ògbà. Ìwé ẹ̀rí nìkan kì í sọ èèyàn di olùròyìn bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n níbẹ̀ lèèyàn ti ń kọ́ èémí, máíkì, àti òfin tó de ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ lábẹ́ National Broadcasting Commission.

5. Tọ́jú ohùn. Omi tí kò tutù, oorun, àti ẹnu tó dákẹ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú eré.

Ẹ̀yin obìnrin náà, iṣẹ́ yìí wà fún yín. Ọdún 2007 ni Jacqui Oatley di obìnrin àkọ́kọ́ tó ròyìn bọ́ọ̀lù lórí ètò Match of the Day ti BBC. Ariwo pọ̀ kó tó ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti tẹ̀ lé e.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Ká sọ òótọ́, fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í tó gbọ́ bùkátà nìkan. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ilé iṣẹ́ gbà síṣẹ́ pé kí wọ́n kàn máa ròyìn bọ́ọ̀lù. Àwọn tó kù ń ka ìròyìn, wọ́n ń ṣe olóòtú ètò, wọ́n ń fi ohùn ṣe ìpolówó ọjà, wọ́n sì ń darí òde àríyá lópin ọ̀sẹ̀. Ìdí kan ni ẹ̀tọ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Àwọn ìdíje ńláńlá ní onílé, ilé iṣẹ́ rédíò sì gbọ́dọ̀ sanwó kó tó lè ròyìn wọn láti orí pápá. Láti ọdún 2002 tí Larry Izamoje ti dá Brila FM sílẹ̀, rédíò àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti eré ìdárayá nìkan ní Nàìjíríà, ọ̀nà ti là díẹ̀ sí i. Gẹ̀ẹ́sì àti Píjìn ló ṣì gba ipò iwájú.

Ohun tó wà nílẹ̀ gan-an nìyí. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò lè ṣaláìní ẹni tó máa ròyìn ẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Onikan, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti ní Ìbàdàn ni kò ní ẹnu púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá jókòó sí etí pápá wọn, kí ó sọ wọ́n lórúkọ ní èdè tí ìyá wọn gbọ́, wọ́n á gbá a tán, ilẹ̀ á ṣú, ọjọ́ kejì á dà bíi pé kò ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ajah tó ń fi fóònù ròyìn bọ́ọ̀lù àdúgbò fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Kó kàn rí i dájú pé "ó wọlé" àti "kò wọlé" kì í dàrú mọ́ ara wọn lẹ́nu ẹ̀.